Lẹ́tà Funfun, Lẹ́tà Rúsúrúsú

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Èrèlé, 1973. Igbó-Ọrà.

Èmi, Salome Adérógbà, ọmọ Tíṣà Adérógbà ti Èrúwà, tí mo gba oyè ní yunifásítì ní ọdún tó kọjá, tí mo sì ń bójú tó káàdì àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ibí, ni mo ń fọwọ́ sí ìwé yìí. N kò kọ ọ́ lórúkọ ara mi nìkan. Mo ń kọ ọ́ lórúkọ àwọn mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tí a bá ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, tí ilé ìwòsàn kọ̀wé sí pé kí wọ́n padà wá gba abẹ́rẹ́, tí wọn kò sì wá.

Káàdì wọn wà nínú páálí kan lórí tábìlì mi. Bí fèrèsé bá ṣí, atẹ́gùn ọyẹ́ á máa ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá orúkọ.

Mo pinnu pé n ó máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀, n kò sì ní purọ́ nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò kà á. Èyí gan-an ló mú kó rọrùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Èrèlé

Mo ka lẹ́tà tí a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Bí mo bá tú u sí èdè wa, ohun tó sọ nìyí: a pàṣẹ pé kí o fara hàn ní ọjọ́ báyìí báyìí, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, bí o bá kọ̀, ohunkóhun tó bá tìdí rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ ló wà. Nọ́ńbà. Òǹtẹ̀. Wọ́n á wá tì í bọ inú àpò ìwé rúsúrúsú tí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba ń lò.

Àkànó ni ó ń fi kẹ̀kẹ́ pín in, láti Igbó-Ọrà dé Ìdèrè. Àgbàlagbà ni, ó láwàdà. Mo bi í pé kí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe bí ó bá fún wọn.

"Mísì, wọ́n á kí mi dáadáa. Wọ́n á bu omi fún mi. Wọ́n á gba lẹ́tà. Ó parí."

Nínú ìwé rẹ̀, ó kọ "ó dé ọwọ́" sí iwájú orúkọ gbogbo wọn. Ó dé ọwọ́, ó dé ọwọ́, ó dé ọwọ́ — láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé mẹ́ta. Àwọn tó ni ọwọ́ ọ̀hún ni kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Èrèlé

Dókítà Akínladé dé láti Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò ni n ó máa pè é, nítorí kò sí ohun tí ó gbàgbọ́ àyàfi kí ó kà á. Ènìyàn rere ni. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú bá bí mi.

Mo sọ fún un pé kì í ṣe àwọn aláìsàn ló ya ọ̀lẹ. Lẹ́tà wa ni kò mọ bí a ṣe ń pe ènìyàn. Ó ní, "Ẹ̀rí dà, Ọmọ Tíṣà?" N kò ní ẹ̀rí.

Ó wá ní kí a wá a. Kí n kọ lẹ́tà tuntun bí ó bá ṣe wù mí. Kí a pín káàdì sí méjì láìwo orúkọ: kí ìdajì máa gba tuntun, kí ìdajì tó kù máa gba ti àtijọ́, títí oṣù Igbe yóò fi parí. Kí a ka àwọn tó bá wá. Bí tuntun bá borí, òun fúnra rẹ̀ yóò gbé e lọ bá ìjọba ní Ìbàdàn, wọn yóò sì yí lẹ́tà gbogbo ilé ìwòsàn Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn padà.

Ó ní òfin kan wà. A kò gbọdọ̀ lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. A kò gbọdọ̀ fi ẹnu pe ẹnikẹ́ni. A kò gbọdọ̀ gbé káàdì láti apá kan sí ìkejì. "Bí ẹ bá ran ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, iye wa ti bàjẹ́. Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí, sà."

Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí gbẹ̀yìn.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Èrèlé

Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́ — ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fún àwọn ènìyàn Ìbàràpá lábẹ́rẹ́, òun náà ló sì gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ wọn — ka lẹ́tà tuntun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ. Ojú ewé kan gbáko. Mo ṣàlàyé ohun tí àrùn náà ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo lo ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀.

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Salome, ìwàásù lo kọ yìí. Ta ni yóò fi oko sílẹ̀ nítorí ìwàásù?"

Mo fẹ́ bínú. Ó fa àga sún mọ́ mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí wọn ná. Ṣé o máa ń wọlé ènìyàn, kí o sì rán an níṣẹ́ láìkí i? Fi orúkọ ọmọ wọn pè wọ́n. Má dárúkọ ikọ́, torí aládùúgbò ni yóò ka lẹ́tà fún ẹlòmíràn nínú wọn. Má kọ ọjọ́ kẹtàlá, ọjọ́ kẹrìnlá. Ta ló ń ka ìyẹn lóko? Ọjà ni kí o fi kà á. Kí o sì kọ orúkọ mi sí i. Sọ pé èmi ni mo ń retí wọn."

Mo ní kí a sọ fún wọn pé àwọn mìíràn ń wá, nítorí ẹni tó bá rò pé òun nìkan ni, ìtìjú ni yóò dá a dúró sílé. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni? Ó jókòó, ó ka orúkọ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí wọn. Mo kọ ọ́.

Bí ó ṣe wá rí nìyí:

"Bàbá Súlè, ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ oko. Èmi Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́ ni mo ní kí a kọ èyí. Ní Ọjọ́rú, ọ̀la ọjà yín, n ó máa retí yín ní ilé ìwòsàn kí oòrùn tó mú. Mo ti fi ìjókòó yín sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò yín ń wá, ara sì ń tù wọ́n. Ẹ mú lẹ́tà yìí dání."

Ìwé funfun. Ọwọ́ ni a ó fi kọ gbogbo rẹ̀. Kò ní sí àpò. A ó ká a, a ó fi òwú funfun dè é.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Èrèlé

A pín káàdì lónìí. Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́ dijú, ó ń fa wọ́n jáde nínú páálí. Èmi ń gbà á. Èyí funfun. Èyí rúsúrúsú. Èyí funfun.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a parí, ó na ọ̀kan sí mi. Rúsúrúsú ló kàn. Mo wo káàdì náà kí n tó fi í lélẹ̀ — lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ni mo rí. Lẹ́tà náà nírù. Ìrù gígùn tó fà lọ sí abẹ́ gbogbo orúkọ yòókù bí ìrù alángbá.

Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ń kọ orúkọ báyẹn.

Rùkáyàt. Ìdèrè. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó wá ní oṣù Kejìlá, ó fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí káàdì, ó lọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn wà. Lẹ́tà mẹ́ta. Kò wá.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí páálí yìí ti wà níwájú mi. Nọ́ńbà ni mo ń kà, n kò ka orúkọ. Èmi tí mo ní mo ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn.

Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́ ṣì dijú. Bí mo bá fi í sí apá kejì, ta ni yóò mọ̀? Ọwọ́ mi wà lókè fún ìgbà díẹ̀.

Mo fi í sí rúsúrúsú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Èrèlé

Ìkẹta láti ìsàlẹ̀ ni káàdì rẹ̀ wà. Mo mọ̀ ọ́n láìwò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Èrèlé

Ìjókòó kan náà ni èmi àti Rùkáyàt ń jókòó lé, lẹ́bàá fèrèsé, nígbà tí Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Ìdèrè. Òun ni ó mọ ìṣirò. Èmi mọ ìwé kíkà. Ó máa ń fi ìrù orúkọ rẹ̀ kọjá sínú ìwé tèmi, á ní òun ń wá ibi tí ó tutù sí. Bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mì.

Nígbà tí a parí ìwé mẹ́fà, èmi lọ sí ilé ìwé girama ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí òun dúró, ọkọ ń bẹ nílẹ̀. Ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọkọ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Bí mo bá ti délé ọkọ, kọ̀wé sí mi. N ó dá ọ lóhùn kí ọjà tó tún ná."

Ọdún pọ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ. Mo ti wọ yunifásítì nígbà náà. Mo kọ ọ̀kan ní ọdún 1969. Mo kọ òmíràn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọjà ná, ọjà tún ná. Kò dáhùn. Mo sọ fún ara mi pé inú ń bí i nítorí pé mo lọ, òun sì dúró. Mo gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn rẹ̀. Ó rọrùn fún mi láti gbà á bẹ́ẹ̀.

Láti ibí dé Ìdèrè kò ju ìrìn wákàtí kan lọ. Oṣù kẹta mi nìyí ní Igbó-Ọrà. N kò tíì rìn ín lẹ́ẹ̀kan.

Nísinsìnyí tí mo fẹ́ rìn ín, mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Èrèlé

Wọ́n wá!

Kí aago mẹ́jọ tó lù ni wọ́n ti ń wọlé, lẹ́tà funfun lọ́wọ́ wọn. Bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò wọlé. "Àpèkẹ́ dà? Ó ní òun ń retí mi. N kò bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀." Nígbà tí Nọ́ọ̀sì jáde, ó yọ fìlà. "Mo ti dé o. Ìjókòó mi dà?"

Ìyá arúgbó kan ò jẹ́ kí a gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a fi kà á mọ́ iye. "Tèmi ni. Ó mọ orúkọ ọmọ mi. Ẹ lọ wá tiyín."

Funfun: mọ́kàndínlógún. Rúsúrúsú: méjì.

Mo ti gbé ìjókòó gígùn kan sí ẹ̀bá fèrèsé láti òwúrọ̀. Ìgbàkígbà tí òjìji bá dé ẹnu ọ̀nà ni mo ń gbójú sókè. Obìnrin gíga kan wọlé, ó fi ìborùn bo ẹnu, mo sì ti dìde kí n tó mọ̀. Kì í ṣe òun. Mo ní mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn nítorí eruku.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Ẹrẹ́nà

Kò wá.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Ẹrẹ́nà

Funfun ti di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Rúsúrúsú, mẹ́rin. Bí a bá ya á sórí ìwé, yóò dà bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Àkànó ń pa wá lẹ́rìn-ín níbi tí a ti ń jẹ ẹ̀kọ. Ó ní òun dé Ìdèrè pẹ̀lú lẹ́tà obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì. "Mo pariwo Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin méje ló jáde sí mi! Ọ̀kan ní bí lẹ́tà bá dára, tòun ni. Bí kò bá dára, kí n wo ilé kejì."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi Àkànó pé ilé ta ni lẹ́tà náà ń lọ gan-an.

"Agbo ilé Bàbá Búrẹ́mọ̀. Rùkáyàt lórúkọ inú káàdì. Òun náà ti bí ìbejì, Mísì, ó ti tó ọdún méjì. N kò rí i. Bàbá ni mo ń kó gbogbo lẹ́tà agbo ilé fún, torí òun ni olórí wọn. Ó ń gbà á dáadáa."

Ìbejì. N kò gbọ́. Orúkọ wọn kò ṣòro láti mọ̀. Ojú wọn ni n kò mọ̀. Wọ́n á máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá wúkọ́, wọ́n á fà á símú.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ìṣirò pé kí a dá a dúró. Ẹ̀rí ti pọ̀ tó.

Kò jágbe mọ́ mi. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Ọmọ Tíṣà, Ọjọ́rú méjì la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Bí mo bá gbé èyí lọ sí Ìbàdàn, wọn yóò ní ó ṣèèṣì ni. Wọn yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà àtijọ́ ni wọn yóò máa lò fún ogún ọdún sí i. Ẹni mélòó ni ìyẹn yóò pa? Ọ̀sẹ̀ méje ló kù."

Mo ní, "Sà, ẹnì kan wà nínú wọn —"

Ó ní, "Ẹnì kan ni gbogbo wọn."

Òótọ́ ni. Mo ti yí i padà yí i padà láti ìgbà náà, n kò rí ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Ẹrẹ́nà

Bàbá Búrẹ́mọ̀ wá lónìí.

Òun fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn tí funfun kàn. Sobìyà, aràn tí í jáde lẹ́sẹ̀ yẹn, ló dá a dúró sílé láti ọjọ́ yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san ni. Ó ti ká lẹ́tà náà mọ́ inú fìlà. Ó gba abẹ́rẹ́ láìṣojo, ó jókòó sí orí ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé — ìjókòó ọ̀hún — ó ń yin lẹ́tà wa. "Ó kí mi kó tó rán mi níṣẹ́. Ìwé tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

Mo rọra bi í pé ṣé kò sí lẹ́tà mìíràn tó dé agbo ilé wọn láti ọ̀dọ̀ wa.

"Kò sí o. Eléyìí nìkan ni."

"Bàbá, èyí tó wà nínú àpò rúsúrúsú ńkọ́?"

"Ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn kì í ṣe tiyín. Ti owó orí ni. Ó wà lájà."

"Ilé ìwé lo máa wà nígbà náà," ó ní, "o kò mọ̀." Nígbà ìjà owó orí, ìwé rúsúrúsú ni wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn lọ sí kóòtù. Gbogbo agbo ilé jókòó, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan: ìwé rúsúrúsú tó bá wọlé, a kò ní ya á, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni. A kò ní ṣí i. A ó kó o sí àjà. "Bí a kò bá kà á, ta ni yóò sọ pé a gbọ́?" Ẹni tó gbé e wá, kí wọ́n kí i, kí wọ́n bu omi fún un. Kò sí ẹni tó yí ìpinnu yìí padà láti ọdún mẹ́rin wá.

Mo bi í léèrè ìyàwó agbo ilé wọn, Rùkáyàt.

"Ó wà lábà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ikọ́ ń dà á láàmú. Ọjọ́ ọjà tó bá wọlé, èmi ló ń wá bá. Á ní, Bàbá, ṣé lẹ́tà kankan dé fún mi láti ilé ìwòsàn? Mo ní rárá, kò dé. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé bí àrùn bá wà, wọn yóò kọ̀wé. Bí ìwé kò ti dé, kò sí àrùn nìyẹn. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò yéé béèrè."

Ẹnu mi ti là. Ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì pe ẹlòmíràn, Bàbá dìde, ó kí mi, ó lọ.

Mo pa ẹnu dé. Mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo ròyìn fún Dókítà. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìdí rẹ̀ gan-an la rí yìí! Kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá náà ṣe sọ ọ́, má yọ nǹkan kan."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. N kò yọ nǹkan kan. Mo ní, "Sà, obìnrin náà ń retí lẹ́tà wa." Ó bọ́ gíláàsì, ó nu ojú. Ó ní òun yóò rò ó. Mo gbà pé ó ń rò ó. Ó fi pẹ́nì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì mi nígbà tí ó ń lọ, kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Ẹrẹ́nà

Ojú ń tì mí láti kọ̀wé sínú èyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Ẹrẹ́nà

Dókítà kò wá. Ọ̀rọ̀ tó rán ni pé ìpàdé dá òun dúró ní Ìbàdàn, títí di Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù Igbe.

Ọjọ́rú, 28 oṣù Ẹrẹ́nà

N ó gbìyànjú láti kọ èyí bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá Búrẹ́mọ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Ó di ẹrù kan sínú àkísà, ó sì wo ẹ̀yìn kí ó tó gbé e lé tábìlì mi. "Ìbéèrè rẹ ọjọ́sí kò jẹ́ n sinmi. Mo ní kí o bá mi kà á. Bí ó bá jẹ́ owó orí, o kò rí mi o."

Àpò ìwé mẹ́rìnlá. Èéfín ti sọ wọ́n di dúdú, wọ́n ń rùn bí ẹran gbígbẹ. Mo ń tò wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ti owó orí lóòótọ́, ti ọdún 1968. Bàbá sún àga sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni rí ejò. Mọ́kànlá jẹ́ tiwa. Márùn-ún nínú mọ́kànlá náà, Rùkáyàt ni.

Ó ku méjì. Kò sí òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn lára wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ wọ́n, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo wo ìkọ̀wé náà pẹ́, mo ń bi ara mi pé ta ni ó ń kọ̀wé tó jọ tèmi báyìí.

Èmi ni. Àpò ìwé tí akọ̀wé ilé gbígbé wa ní yunifásítì máa ń fún wa ni. N kò ronú kàn án rí pé ó ní àwọ̀ kankan.

Bàbá ní, "Ta ló kọ méjì yẹn tí o ń wò bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Sí ta?"

"Sí Rùkáyàt, ìyàwó agbo ilé yín. A jọ kàwé ni."

Ó yọ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ìwọ ni ọmọ tíṣà yẹn. Áà. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń béèrè: Bàbá, ṣé lẹ́tà dé? Ọjọ́ ọjà gbogbo. Títí ọdún fi yípo. Mo ní, ọmọ mi, ẹni yẹn ti gbàgbé rẹ, jókòó ti ọkọ rẹ." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Àjà lókè orí rẹ̀ níbi tó ń jókòó sí ni mo kó wọn sí."

Mo fa ìwé funfun kan jáde fún Rùkáyàt. N kò bi Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́, ṣùgbọ́n ó rí mi, ó sì gbé òwú wá. Mo kọ ọ́. Mo ká a. Bàbá ní òun fúnra òun ni yóò gbé e dé abà. Àbámẹ́ta ni ọjà Ìdèrè, ṣùgbọ́n ó ti ṣe díẹ̀ tí Rùkáyàt ti wọlé ọjà gbẹ̀yìn; Àìkú ni òun yóò lọ. Ó fi í sínú fìlà.

Ìlérí mi ti yẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí ó má baà dà bí ẹni pé n kò mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Igbe

Lónìí ni Bàbá Búrẹ́mọ̀ ń lọ sí abà. N kò gbọ́ ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń bá a rìn lọ́kàn mi láti òwúrọ̀, ní ọ̀nà oko tí mo mọ̀ láti kékeré — odò kékeré yẹn, oko ẹ̀gúsí, ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le. Yóò máa dúró sinmi.

Mo kọ̀wé sí Dókítà. Àkànó yóò fún awakọ̀ Ìbàdàn ní ọ̀la. Ìwé funfun, n kò fi í sínú àpò. Mo kí i kí n tó rán an níṣẹ́. Mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ síbí, kí n má baà rí ọ̀nà yí ohùn padà:

Dókítà Akínladé, ẹ kú ìpàdé, ẹ kú ìrìn àjò. Èmi, Salome Adérógbà, ni mo fọwọ́ sí èyí, lórúkọ àwọn mẹ́tàdínlógójì tí rúsúrúsú kàn tí wọn kò tíì wá. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye yín, kí ẹ sì kọ ọ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́.

A ń béèrè pé kí lẹ́tà rúsúrúsú dúró lónìí, kì í ṣe ní òpin oṣù. A ń béèrè pé kí a kọ funfun sí gbogbo wọn, kí a sì fi ọjà ka ọjọ́ fún wọn. A ń béèrè pé kí Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́ máa gbé abẹ́rẹ́ lọ sí Ìdèrè lọ́sẹ̀ méjì méjì, nítorí àwọn tí sobìyà ti so lẹ́sẹ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá gbé iye wa lọ síwájú ìjọba, kí ẹ sọ fún wọn pé àwọn tí kò wá kò kọ̀ wá. Wọ́n ń retí.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ni a dá fún ìdáhùn. Bí kò bá dé, èmi, Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́ àti Àkànó yóò gbé lẹ́tà mẹ́rìndínlógójì jáde fúnra wa, ẹ sì lè fi iṣẹ́ mi fún ẹlòmíràn.

Èyí ni ti Dókítà.

Rùkáyàt, Ọjọ́rú kan náà ni ọjà yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ nínú lẹ́tà tó wà nínú fìlà Bàbá. Wá, kí o sì kó àwọn ọmọ dání. Ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé ṣófo. Ọjọ́ tí mo dá fún ọ kò yàtọ̀ sí èyí tí ìwọ fúnra rẹ dá: kí ọjà tó tún ná.